Ẹsẹ̀ Tó Wà Léjìká Mi

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, torí àwọn tó ń sọ ọ́ kiri láti Yeoville dé Joubert Park, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wà níbẹ̀. Wọ́n ní èmi Hamidah, ọmọ Alhaji Wàídì aláṣọ, ni mo lé ìyá àfẹ́sọ́nà mi padà sí Nàìjíríà. Wọ́n ní mò ń gbé itan ọkùnrin lé ọrùn. Wọ́n ní ìwé àkàjù ló ń dà mí láàmú. Àwọn tí kò lè tẹ̀ ba kí wọ́n fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara wọn ló ń dá mi lẹ́jọ́. Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ bó ṣe rí.

Fisiotẹ́rápì ni iṣẹ́ mi. Ọwọ́ àti eré ìdárayá la fi ń tọ́jú iṣan àti oríkèé ara. Lọ́dún 2016, mò ń kàwé gba oyè kejì ní yunifásítì kan níbí ní Johannesburg, mo sì ń ṣèwádìí bí nínà iṣan ṣe ń mú ìbàdí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣeré ìdárayá rọ̀. Ọ̀nà méjì ni mo ń fi wéra. Àwọn kan ń dá na ẹsẹ̀ fúnra wọn: wọ́n á nà án títí tó fi máa fà, wọ́n á dá a dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn yòókù, èmi ni mò ń nà wọ́n. Ẹni náà á fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, màá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sókè, màá fi lé èjìká mi, màá ní kó máa fi tì mí tagbára tagbára. Bó bá ti tì mí díẹ̀, màá ní kó dẹra, màá wá rọra ti ẹsẹ̀ náà kọjá ibi tó dé tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà màá fi irinṣẹ́ wọn bó ṣe ga tó. Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn. Kò sí ìfẹ́ nínú rẹ̀ o, òógùn àti ìkérora ló wà níbẹ̀.

Tesleem ló da ìyẹn rú. Aṣírò owó ni ní báńkì kan ní Sandton, ó sì máa ń gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ló wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ìbàdí rẹ̀ le koko, àga ọ́fíìsì ti sọ ọ́ di igi. Mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé èjìká mi, mo ní kó máa tì mí, ó kàn ń wò mí.

"Ṣé kí n tì ẹ́ lóòótọ́?"

"Tì mí."

"Mi ò fẹ́ kí n lọ ṣe ẹ́ léṣe."

"Ẹni tó sanra jù ẹ́ lọ ti tì mí láàárọ̀ yìí, mi ò ṣubú. Tì mí, jọ̀ọ́, èèyàn ń dúró níta."

Ó tì mí. Mo ní kó dẹra, mo ti ẹsẹ̀ náà síwájú, ọkùnrin náà bá ké "Eish" bíi pé Soweto ni wọ́n bí i sí. Mo bi í pé ọmọ ibo ni. Ó ní ọmọ Ìsẹ́yìn ni òun, àmọ́ kò sí Yorùbá tó tó ìrora yẹn. Mi kì í rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́, àmọ́ mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó dìde, ó ní kí n fún òun ní nọ́mbà mi. Mo sọ fún un pé òfin iṣẹ́ wa ò gbà kí n máa bá ẹni tí mò ń wọ̀n ṣeré ìfẹ́. Ó ronú díẹ̀, ó ń so okùn bàtà rẹ̀.

"Ó dáa, yọ mí kúrò. Mi ò ṣe mọ́."

"O ya wèrè ni? Ṣé o mọ bó ṣe pẹ́ tó kí n tó rí yín kó jọ?"

"Mo mọ̀. Nọ́mbà ńkọ́?"

Inú bí mi, inú mi sì dùn, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Mo yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, mo da gbogbo ohun tí mo ti wọ̀n lára rẹ̀ nù, mo fún un ní nọ́mbà.

Ọ̀rọ̀ wa wá wọ̀ gan-an. Tó bá ti ṣíwọ́ ní Sandton, á wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Park Station, màá pàdé rẹ̀ níbẹ̀, a ó jọ rìn. Nígbà mìíràn, a ó dúró nídìí iná ojú pópó, èyí tí wọ́n ń pè ní robot níbí, tó ti di àwọ̀ ewé, àwọn èèyàn á máa kọjá lára wa, àwa ò ní mọ̀, ọ̀rọ̀ ń lọ. Bó bá lọ ṣiṣẹ́ ní Cape Town, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Mò ń sọ èyí kí ẹ lè mọ ohun tó ń bí mi nínú.

Lọ́jọ́ kan, ó ní ìyá òun ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn wá wo ìyàwó. Alhaja Wulemot lorúkọ wọn. Opó ni wọ́n, Tesleem nìkan sì ni ọmọkùnrin wọn. Ó ní òun ti fi Fasilat ṣe alárinà. Fasilat ni obìnrin tó ń ta oúnjẹ ní Rockey Street, ojúlùmọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tó ti dé ìlú yìí. Gbogbo ìyẹn dáa létí mi, àfi ìgbà tó wá ń yí ojú kiri.

"Mo sọ fún Màmá pé mọ́ṣáláṣí la ti pàdé. Mo ní Fasilat ló mú wa mọ ara wa, òun náà sì ti gbà láti sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé tí o sọ bẹ́ẹ̀?"

"Tí mo bá sọ pé mo sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, tí ẹsẹ̀ mi wà léjìká ẹ, ṣé ó máa yé wọn ni?"

"Tí o bá ṣàlàyé, kí ni kò ní yé wọn? Ọmọdé ni wọ́n ni? Tesleem, irọ́ tó bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa lé e bá. Lọ tún un ṣe kí wọ́n tó dé."

Ó ní, "Shap," pé òun ti gbọ́. Kò tún nǹkan kan ṣe.

Alhaja dé. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n dé tí wọ́n ní kí Fasilat mú àwọn wá síbi iṣẹ́ mi láì sọ fún mi. Wọ́n ní ilé tí wọ́n ti gbá de àwọn kọ́ ni àwọn fẹ́ rí, pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyàwó, kó lọ bá a lójijì. Ọgbọ́n wà nínú ẹ̀, mi ò jiyàn.

Ọlálérè ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọmọ yunifásítì wa ni, sárésáré ni, ṣòkòtò péńpé ló sì wọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà léjìká mi, mo ti tì í dé ibi tó ga jù, ó ń kérora. Ilẹ̀kùn ṣí. Fasilat ló kọ́kọ́ wọlé, obìnrin àgbà kan tó wé gèlè funfun tẹ̀lé e. Mo ti rí fọ́tò wọn lọ́wọ́ Tesleem, mo sì dá wọn mọ̀ kíá.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé wa, ẹ mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ó yẹ kí orúnkún mi méjèèjì kanlẹ̀ kí wọ́n tó la ẹnu. Àmọ́ ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ló wà lọ́wọ́ mi. Iṣan tó ti nà tó bẹ́ẹ̀, tí mo bá já a jù sílẹ̀ lójijì kí n lè kúnlẹ̀, ó lè ya. Mo dúró gbagidi, mo ní, "Ẹ káàsán, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan."

Alhaja wò mí, wọ́n wo ẹsẹ̀, wọ́n wo Ọlálérè tó ń wá ohun tó máa fi bo itan.

"Astagfirullah," ni wọ́n wí. "Fasilat, ṣé ẹni tí o ní o rí ní mọ́ṣáláṣí nìyí?"

Nígbà tí mo fi máa sọ ẹsẹ̀ Ọlálérè kalẹ̀ tán, tí mo kúnlẹ̀, wọ́n ti jáde. Mo sáré tẹ̀lé wọn dé ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, Fasilat ń juwọ́ sí mi pé kí n padà. Mo dúró síbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni wọ́n kà sí mi lọ́rùn kí ilẹ̀ tó ṣú: pé mo gbé ẹsẹ̀ ọkùnrin, pé mo sì kí ìyá ọkọ lóòró. Èkejì yẹn ló dun àwọn èèyàn jù.

Lọ́jọ́ kejì, Tesleem wá bá mi nílé wa ní Yeoville. Kò jókòó.

"Màmá ò jẹun láti àná."

"Ṣé o ti sọ fún wọn?"

"Wọ́n bi mí lálẹ́ àná. Wọ́n ní kí n tún sọ ibi tí a ti pàdé fún àwọn."

"O wá sọ kí ni?"

"Mọ́ṣáláṣí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àbá sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ṣé mi ò lè fi àwọn tí mò ń nà sílẹ̀, kí n máa lo àwọn tó ń dá na ara wọn nìkan. Mo ní kí ni màá wá fi wé kí ni. Ó ní kí n máa lo obìnrin nìkan. Mo ní ìbàdí ọkùnrin àti ti obìnrin ò rí bákan náà, tọkùnrin tobìnrin ni wọ́n sì fọwọ́ sí fún mi. Ó ní ó dáa, kí n wá ọkùnrin kan tó máa bá mi na àwọn ọkùnrin. Mo ní ọwọ́ kan náà ló gbọ́dọ̀ na gbogbo wọn, torí agbára ọwọ́ èèyàn méjì ò dọ́gba, ohun tí mo bá wọ̀n ò ní ṣeé gbà gbọ́.

"Hamidah, ṣáà sọ pé o gbọ́. Tí wọ́n bá sọ ọ́ lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, kúnlẹ̀, ní o gbọ́. Lẹ́yìn yìgì, tí wọ́n bá ti padà sílé, o lè máa bá iṣẹ́ ẹ lọ. Ta ló máa mọ̀?"

Orí mi gbóná. Ọkùnrin yìí pa irọ́ tirẹ̀ tán, ó wá ń bá mi rán tèmi. Mo ní kó jáde. Ó jáde. Nígbà tó lọ tán, mo sunkún, torí pé mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bóyá kí n ṣe bó ṣe wí. Mo rò ó pé ṣebí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Mo rò ó pé ọmọ ọdún mélòó ni mo tún fẹ́ jẹ́ kí n tó rí ẹlòmíràn tó máa mú mi rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mo tún rò ó pé tó bá jẹ́ pé báyìí ni ìbẹ̀rẹ̀ ṣe rí, lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ̀sùn gidi kàn mí ńkọ́?

Ọjọ́ Sátidé ni mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, lẹ́yìn ìrun Àílà, nínú pálọ̀ bàbá mi. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà níbẹ̀, àwọn èèyàn láti mọ́ṣáláṣí wa náà wá. Tesleem wọ agbádá, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Fasilat wà láàárín, ó ń ṣe bí alárinà ṣe ń ṣe, ó ń yin tibí, ó ń yin tọ̀hún. Wọ́n pè mí. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ níwájú Alhaja, orúnkún méjèèjì.

Wọ́n ò ní kí n dìde.

"Alhaji Wàídì," ni wọ́n wí, "ẹ tọ́ ọmọ yín dáadáa, mo gbọ́. Àmọ́ mo fi ojú mi rí ohun tó ń ṣe. Agbétan ni. Itan àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló ń gbé sọ́rùn. Kó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ níwájú gbogbo wa báyìí, kí n tó gbà á sílé mi."

Bàbá mi ní, "Alhaja, iṣẹ́ ìwòsàn ni o."

"Kó fi sílẹ̀, kó wá èyí tó mọ́."

Gbogbo ojú wá sọ́dọ̀ mi. Èmi wo Tesleem. Kápẹ́ẹ̀tì ló ń wò. Ó gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan, mo ní ó tó, ó máa sọ ọ́ báyìí. Fasilat ló wò, bíi pé kó bá òun dáhùn. Fasilat ń tún híjáàbù rẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi. Mo lè tú u síta níbẹ̀ pé ẹsẹ̀ ọmọ yín ló kọ́kọ́ wà léjìká yìí, Màmá, ẹ bi í. Mi ò sọ ọ́. Irọ́ rẹ̀ ni, òun ni mo fẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ kó o.

"Tesleem," ni mo wí, "ṣé o ò ní nǹkan kan láti sọ ni?"

"Hamidah, rọra."

Rọra. Èmi tí mo wà lórí ìkúnlẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wọlé. Mo dìde, mo gbọn aṣọ mi, mo ní, "Màmá, mi ò fi í sílẹ̀. Ẹ má bínú." Mo wọlé lọ. Mo gbọ́ ohùn bàbá mi lẹ́yìn tó ń sọ pé kí gbogbo wa fi ọ̀rọ̀ náà sùn ná, mo gbọ́ bàtà àwọn èèyàn tó ń jáde. Ọ̀sẹ̀ kejì ni Alhaja wọ bàálù padà sílé, ó sì di pé èmi ni mo lé wọn.

Oṣù méjì kọjá. Tesleem ń pè, mi ò gbé e. Mo parí wíwọ̀n. Àwọn tó ń dá na ara wọn, ìbàdí wọn rọ̀. Àwọn tí mò ń nà, tiwọn rọ̀ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Torí díẹ̀ yẹn ni ọkọ ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi. Tí mo bá ń kọjá ní Park Station, mo máa ń gba ọ̀nà mìíràn kí n má baà rí ibi tó máa ń dúró sí. Nígbà mìíràn mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gba ibẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń kó ẹrù jáde nínú yàrá iṣẹ́, ó wọlé. Ó ti rù.

"Màmá ti padà sílé," ló wí.

"Mo mọ̀. Gbogbo Yeoville ló ń dárúkọ mi mọ́ ọn."

"Mo ti bá lèmọ́mù sọ̀rọ̀. Jẹ́ ká so yìgì wa. Tó bá yá, a ó sọ fún wọn nílé, wọn ò ní lè tú u ká mọ́."

Mo gbé páálí tó wà lọ́wọ́ mi kalẹ̀. Inú tó bí mi lọ́jọ́ yẹn, irú ẹ̀ ò tíì bí mi rí.

"Kí n wá jẹ́ irọ́ ẹ kejì, àbí? Kí o máa gbé mi pamọ́ fún ìyá ẹ títí tí màá fi bímọ? Gbé fóònù ẹ. Pè wọ́n."

"Báyìí?"

"Báyìí. Jẹ́ kí n máa gbọ́."

Ó ní wọ́n lè máa sùn lọ́wọ́. Mo ní kó jí wọn. Ó ní nẹ́tíwọ̀kì Ìsẹ́yìn ò dáa. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo na ọwọ́ síta. Ó wò mí, ó rí i pé eré kọ́ ni mò ń ṣe. Ó pè wọ́n, ó jẹ́ kí ohùn náà jáde síta.

"Màmá, ẹ káàsán. Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni mo pa fún yín. Mọ́ṣáláṣí kọ́ ni mo ti pàdé Hamidah. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni. Mo sùn sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ẹsẹ̀ tèmi náà wà léjìká rẹ̀, kò sì sí ìwà burúkú kankan níbẹ̀."

Ìyá rẹ̀ ní, "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ kẹ̀? Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí mo débẹ̀. Mò ń bú ọmọ náà nínú mọ́tò, Fasilat ní kí n yéé bú u, pé ẹsẹ̀ ọmọ tèmi ti wà níbẹ̀ rí. Mo délé, mo bi ẹ́, o tún purọ́ fún mi. Mo wá ní ó dáa. Mo ní tí mo bá bú ìyàwó ẹ níwájú àwọn èèyàn rẹ̀, wàá sọ̀rọ̀. O jókòó. Bí o ṣe jókòó gẹ́lẹ́ ni bàbá ẹ jókòó nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè mí lólè nítorí ẹ̀gbà ọrùn ìyá wọn, òun ló sì mú un, ó lọ tà á. Títí wọ́n fi sin ín, mi ò dárí jì í. Ṣé irú ìyẹn náà ni kí n fún ọmọ ọlọ́mọ?"

Tesleem fẹ̀yìn ti ògiri. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ káàsán."

"Hamidah, o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀. Ẹ mọ òótọ́, ẹ sì jẹ́ kí n wà lórí ìkúnlẹ̀, ẹ ń pè mí ní agbétan níwájú bàbá mi. Ọmọ yín lẹ fẹ́ dán wò, èmi lẹ wá gbá lójú."

"Òótọ́ lo sọ. Mo ṣẹ̀ ẹ́. Ibi tí mo ti bú ẹ náà ni màá ti bẹ̀ ẹ́. Mò ń padà bọ̀."

"Mi ò tíì sọ pé màá fẹ́ ẹ o, Màmá."

"Mo gbọ́. Bó ò bá fẹ́ ẹ náà, màá wá."

Mo dá fóònù padà fún Tesleem. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́.

"Bàbá mi wà nílé," ni mo wí. "Lọ sọ fún wọn bí o ṣe pàdé ọmọ wọn. Má mú Fasilat dání."

"Ṣé ìyẹn ni pé o máa fẹ́ mi?"

"Ìyẹn ni pé kí o lọ."

Ó lọ. Mo kó ẹrù mi tán, mo gbá yàrá, mo tún un gbá. Mò ń ti ilẹ̀kùn lọ́wọ́ nígbà tí bàbá mi pè.

"Hamidah, ọmọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ sínú pálọ̀ mi. Ó ti rò ó fún mi tán, ti bẹ́ẹ̀dì, ti ẹsẹ̀, ti irọ́ mọ́ṣáláṣí. Ó ní ojú ń ti òun. Mo ní kó dìde, ó ní àfi tí ìwọ bá ní kí òun dìde. Kí ni kí n wí fún un?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, inú ṣì ń bí mi. Mo kó kọ́kọ́rọ́ sápò, mo sọ̀ kalẹ̀ dé ẹnu géètì. Takisí Yeoville kan dúró, àga kan ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, dẹ́rẹ́bà ń pè mí. Mo juwọ́ sí i pé kó máa lọ.

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná, Bàbá," ni mo wí. "Mò ń bọ̀. Ẹsẹ̀ ni màá fi rìn ín."